Oríkì Orílẹ̀, láti Birmingham dé Òkukù

Oríkì orílẹ̀ ni oríkì tó ń sọ ibi tí ìran ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, kí ogun tàbí ìjà oyè tó tú wọn ká. Ọmọ Oníkòyí lè wà ní Ìnísà, òmíràn lè wà ní Òkukù. Bí wọ́n bá kì wọ́n, Ìkòyí kan náà ni wọ́n ń mú wọn lọ.

Ìbéèrè nípa orírun tí wọ́n ń bi akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1991 ni ètò ìkànìyàn wọn kọ́kọ́ béèrè ẹ̀yà, aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà sì ni ibi tí Yorùbá bọ́ sí. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìwé Karin Barber lórí oríkì, I Could Speak Until Tomorrow, jáde. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wá kàwé lọ́dọ̀ wa ni. Ó gbé Òkukù, ìlú wa, láàárín 1974 sí 1977, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì kọ́ni níbẹ̀ kó tó lọ sí Yunifásítì Birmingham. Birmingham ni èmi náà ti ka ìwé ọ̀hún, tí ó dùn mí wọra pé n kò mọ oríkì ilé wa. Ohun tó gbé mi gba ọ̀nà Òkukù yìí nìyẹn.

Láti Òṣogbo, Ìkìrun ló kọ́kọ́ kàn. Ìtòsí ibẹ̀ ni Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878. Ogun Jálumi ni wọ́n ń pè é, torí àwọn tó ń sá, tí wọ́n já lu omi Ọ̀tìn. Lásìkò àwọn ogun ìgbà yẹn, àwọn ará Òkukù kó ìlú sílẹ̀, wọ́n wá forí pamọ́ sí Ìkìrun.

Ọkọ̀ kò pẹ́ ní Ìnísà. Èrò méjì sọ̀ kalẹ̀, a tún ṣí.

Ní Òkukù, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní orílẹ̀ tirẹ̀. Ọkùnrin ló ni ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n gbé wọlé ló sábà máa ń mọ oríkì ilé jù. Ọkọ ni yóò máa pe àwọn ọmọ ilé. Yóò kọ́ oríkì wọn, yóò fi kí wọn láàárọ̀ àti lọ́jọ́ ìnáwó, kò sì ní gbàgbé ti ilé baba rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ọwọ́ àwọn àlejò wọ̀nyí ni ìran wa ṣì wà.

Ìyá àgbà kan ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Orúkọ bàbá mi ló béèrè, kò béèrè tèmi. Mo dá a lóhùn, ó gbé àtẹ sílẹ̀.

“Ọkọ mi! Ẹ kú àbọ̀ o!”

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó tẹ ilé dó, ó gba orí bàbá mi kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ mi. Orí mi wú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èèpo ẹ̀gúsí. Ó ní kí n dìde, kí n tún ẹsẹ àkọ́kọ́ sọ. Mo ṣì í. Ó tún un kì, mo tún ṣì í. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí ẹ̀gúsí fi tán lórí àtẹ.