Òbúkọ Wọ Ọgbà Ẹ̀fọ́ Wa Nínú Oṣù Ààwẹ̀

 Nígbàkígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni yóò máa wo ilẹ̀ kékeré tí ó wà lẹ́yìnkùlé, tí yóò sì máa rò ó pé, kí ni ó dé tí n kò gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀? Ẹ gbìn ín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó da irúgbìn sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní ọdún 2024.

Ìbàdàn ni mo ń gbé, ládàánì sì ni mo jẹ́ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti fò sókè, gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń kó wá sí ọjà sì bá a lọ. Ẹ̀fọ́ tí ó máa ń kún agbọ̀n ìyàwó mi tẹ́lẹ̀ di èyí tí a lè fi ọwọ́ kan bò mọ́lẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Àáfáà, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé tí a kàn ń gbá lójoojúmọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n gbin nǹkan sí i." N kò tètè dáhùn. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, mo sì ti rò pé ilé kéú ti gbà mí lọ́wọ́ ọkọ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ní ìparí oṣù kejì, a kọ ebè pẹrẹsẹ mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìṣísẹ̀ mẹ́fà, kò sì fẹ̀ ju kí ọwọ́ ènìyàn lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ orí ebè mọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ ni a pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, tí ó ti jẹrà tí kò rùn mọ́, nítorí ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó gbòǹgbò ẹ̀fọ́.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn ni ìyàwó mi fi jù mí lọ. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Bí a bá fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn, yóò ṣù jọ sójú kan, ibòmíràn yóò sì pá. Ó pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó tó fọ́n ọn, ó sì ta iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí. Ti ewédú yàtọ̀ sí èyí. Èèpo hóró rẹ̀ le, bí a bá sì gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù nínú rẹ̀. Ó dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ó tì í bọ inú omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ó ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, ó fà á yọ, ó sì tẹ́ ẹ síta kí ó gbẹ. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti sè é nìyẹn. Ilá, ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Gbúre àti ewúro kò ní wàhálà. Igi wọn ni a gé tí a sì rì mọ́lẹ̀. Ebè kan tí ó kù, ṣọkọ ni ó gba gbogbo rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣe ẹni à ń gbára lé. Ó lè rọ̀ lónìí kí ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí a tó tún rí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò lè fara da ọ̀dá ọjọ́ mẹ́ta. Kànga wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìyàwó mi bá gbé àpótí tí a máa ń jókòó lé ṣe àlùwàlá lọ sí ẹ̀bá ebè. Ènìyàn méje ni wá nínú ilé, a sì ń ṣe àlùwàlá nígbà márùn-ún lójúmọ́. Omi tí ó ti ń ṣàn lọ sínú gọ́tà látọjọ́ yìí ni ó gba ẹ̀fọ́ wa là. Omi ọṣẹ nìkan ni a kò jẹ́ kí ó débẹ̀.

Nǹkan kan ni ó sọ tí n kò ṣe. Ó ní kí n ra ọparun, kí a fi sọgbà yí ebè ká. Mo ní owó kò sí, ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹta ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà. Nígbà tí a fi máa gba ogúnjọ́ ààwẹ̀, a ti ń já tẹ̀tẹ̀ jẹ sààrì. Inú mi dùn débi pé èmi gan-an ni mo ń mú àwọn àlejò lọ wò ó. Ní ọjọ́ kejìlélógún, mo pe ìrun àílà tán, a kírun, mo padà sílé, mo sì bá òbúkọ kan láàrin ewédú wa. Ó ti jẹ ebè kan kanlẹ̀, ó ti fi pátákò tú ìdajì ìkejì. Ooru mú, òǹgbẹ ń gbẹ mí, n kò sì ní purọ́ fún yín, n kò rántí Ọlọ́hun nígbà náà. Mo fa igi yọ lára bẹ́ǹṣì tí ó ti fọ́, mo sọ ọ́ lù ú. Ó ké, ó bẹ́ síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn kan sì ń mì dirodiro.

Màmá àgbàlagbà kan ní ojúlé kejì sí wa ni ó ni ín. Opó ni. Láti ọdún tí ó ṣáájú ni ó ti ń fi èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ bọ́ ọ, gbogbo àdúgbò ni ó sì mọ̀ pé ẹran làyà rẹ̀ ni. Ó jáde, ó wo ẹsẹ̀ náà, ó wò mí. Ó ní, "Àáfáà, ẹ ṣeun o." Ó gbé e, ó wọlé. Èmi ni mo ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé yóò san owó ẹ̀fọ́ mi.

Ní alẹ́, kí a tó dìde sí ìrun àsámù, mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá Lèmọ́mù wa, mo rò pé àre ni tèmi. Ó bi mí pé, "Ọ̀sán ni àbí òru?" Mo ní ọ̀sán ni. Ó ní, "Ẹ sọgbà yí i ká?" Mo ní rárá. Ó dákẹ́, ó wá rán mi létí ràkúnmí Báráù ọmọ Ásíbù, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, tí ó wọ inú ọgbà ọkùnrin kan tí ó sì bà á jẹ́. Ìdájọ́ tí Ànábì wa ṣe, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, ni pé olóko ni kí ó ṣọ́ oko rẹ̀ ní ọ̀sán, ẹlẹ́ran ni kí ó ṣọ́ ẹran rẹ̀ ní òru. Ohun tí ẹran bá bàjẹ́ lóru, ọrùn ẹlẹ́ran ni ó wà. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Ànábì Dáúdà àti ọmọ rẹ̀ Sùlèmáánù náà nínú Súrátù Áńbíyáì, nípa àgùntàn tí ó wọ oko olóko, àáfáà mi ní ilé kéú sì ti fi yé mi pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí a lò níbẹ̀, ẹran tí ó ń jẹ̀ lóru láìsí olùṣọ́ ni a ń lò ó fún. Mo mọ gbogbo rẹ̀, igi bẹ́ǹṣì ni mo fi dáhùn.

Èyí tí ó burú jù kò tíì dé ọkàn mi àfi ìgbà tí a ń kírun lọ. Báráù kan náà ni ó gbà wá létí pé ẹran mẹ́rin kò ṣe é ṣe làyà: olójú kan tí fífọ́ ojú rẹ̀ hàn, aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ hàn, èyí tí ń tiro tí títiro rẹ̀ hàn, àti èyí tí ó rù débi pé kò ní mùdùnmúdùn nínú egungun. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ èyí fún ìjọ kí Iléyá tó dé. Èmi ni mo wá ba làyà opó jẹ́.

Mo lọ sílé Màmá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, mo ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí." Ó ní, "Ẹ dìde, Àáfáà. Ẹsẹ̀ òbúkọ yóò san tàbí kí ó má san, ti Ọlọ́hun ni. Èyí tí ó dùn mí ni pé ẹnu tí ẹ fi ń pè wá sí ìrun ni ẹ fi ń ké lé mi lórí níta." N kò rí èsì fọ̀.

Mo ní n óò ra òbúkọ náà ní iye tí ó tó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́, kí ó fi ra òmíràn. Owó náà kò sí lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ìyàwó mi ni ó wà, owó èsúsú rẹ̀ pẹ̀lú owó ṣọkọ tí ó ti ń tà fún àwọn aládùúgbò. Mo yá a ni, mo sì san án padà fún un lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo sọ eléyìí nítorí àwọn bàbá tí wọ́n ń ka ìwé yìí: owó tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa, tirẹ̀ ni nínú ẹ̀sìn wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ọkọ ni ó ti hù jáde.

Bàbá kan tí ó máa ń to eegun fi pàlàpálá ọparun di ẹsẹ̀ òbúkọ fún mi. Kí ààwẹ̀ tó tú, mo ti sọgbà: ọparun tí ó ga dé àyà ènìyàn, tí àlàfo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gba ìkúùkù. Láàrin ọparun sí ọparun ni mo rì igi lápálápá sí. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ó sì máa ń yára hù bí òjò bá ti ń rọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé nígbà tí ọparun bá fi jẹrà, lápálápá ti di ọgbà fúnra rẹ̀. Owó tí mo ná kò tó ìdá mẹ́rin iye tí mo ra òbúkọ.

Ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Ewédú tí òbúkọ fẹnu gé láìfà á tu ti yọ ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tí ó hú, a gbin òmíràn dípò wọn. Nígbà tí oṣù karùn-ún fi máa dé, òjò ti fìdí múlẹ̀, a kò bomi rin nǹkan kan mọ́, ọjọ́ méjì méjì ni a sì ń ká ilá kí ó má baà kó. Lèmọ́mù wa sọ fún mi nígbà tí ó wá wò ó pé Mùsùlùmí tí ó bá gbin nǹkan, tí ènìyàn tàbí ẹyẹ tàbí ẹran jẹ nínú rẹ̀, sàárà ni ó jẹ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti ebè ewédú yẹn, àfi kí n máa bẹ Ọlọ́hun.

Iléyá jẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. Màmá pa òbúkọ tí ó rà, ara rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúró. Tèmi wà ní ẹ̀yìn ọgbà, ó ń tiro, ó ń jẹ igi tẹ̀tẹ̀ tí a ti já ewé rẹ̀ tán. Kí a tó kúrò ní yídì dé ilé pẹ́, ọmọ ọmọ Màmá ti gbé abọ́ wọlé. Itan kan ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ní ìyá àgbà ní kí ìyàwó mi fi se ṣọkọ, kí ó sì bu díẹ̀ wá fún òun.