Iwájú Ọkọ̀ Tí A Gbé Sókè

Ọkọ̀ kan ló ń bọ́ ilé wa ní Sekona. Hilux funfun ni. Bàbá mi rà á ní tòkunbọ̀ nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló sábà máa ń kó láti oko wá fún àwọn ìyá tó ń yan gàrí. Nígbà ọsàn, a ó kó ọsàn. Nígbà kòkó, a ó kó kòkó. Owó ilé ẹ̀kọ́ mi, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá, àti páànù tó wà lórí wa, inú ọkọ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Nígbà tí ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́ ní alẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí mo ń pè ní Bọ̀dá, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀dà ni ọ̀nà tó ti Ẹdẹ wá, tó gba Sekona kọjá lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í hù lórí ọ̀dà. Bí ọkọ̀ bá ti yà sí ọ̀nà oko, ilẹ̀ pupa ló kù, pẹ̀lú kòtò tí àgbàrá gbẹ́. Nínú òjò ọdún 2023, àgbàrá gbẹ́ kòtò kan sí ẹ̀bá odò kékeré tó wà lọ́nà oko wa. Kòtò náà jìn tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́ iwájú ọkọ̀ fi ń gbá ilẹ̀ nígbàkígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òkúta lu irin tó dáàbò bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì tẹ̀ wọnú. Bọ̀dá délé lọ́jọ́ náà, kò jẹun.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé iwájú ọkọ̀ yìí sókè, ká sì fi táyà tó tóbi sí i.”

Ẹni tó bá wo irú ọkọ̀ yẹn láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí kò gbé ẹrù kankan á rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ni kò fẹ́ràn bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi irin róbótó sí orí ṣọ́ọ̀kì iwájú, kí iwájú lè bá ẹ̀yìn dọ́gba. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọ táyà ńlá fún un. Bọ̀dá ti rí àwòrán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ó sì ti fi han mẹkáníìkì kan, ẹni yẹn sì ní iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bàbá bi wá. Wọ́n ní, “Ta ló sọ fún yín pé àṣìṣe ni bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ga?”

A ò dáhùn. Kí n má purọ́, ńṣe ni mo rẹ́rìn-ín. Ojú mi ni pé àgbàlagbà kò mọ nǹkan ìgbàlódé.

Owó ni ìṣòro. Epo bẹntiróò ti gbówó lórí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún náà, ohun tó sì ń wọlé fún wa ti dín kù. Owó kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ni èyí tí Màámi kó nídìí àjọ, èyí tí wọ́n fi pamọ́ fún ìdánwò WAEC tí mo fẹ́ ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n pè mí, wọ́n bi mí léèrè. Èmi náà ni mo fi ẹnu ara mi sọ pé kí wọ́n mú un. Mo ní bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, owó náà á padà kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, èmi ni mo di téèpù mú. Mo wọn ọkọ̀ láti ilẹ̀ dé etí páànù tó bo táyà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé físíìsì mi: iwájú, ínǹṣì 31, ẹ̀yìn, ínǹṣì 33. Mẹkáníìkì tú ṣọ́ọ̀kì iwájú sílẹ̀, ó fi irin náà sí i, ó dè é padà. Iwájú di 33. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ táyà tuntun, èyí tí kì í kúkú ṣe tuntun, nítorí tòkunbọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n parí, iwájú àti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 34. Ọkọ̀ náà dúró bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán aṣọ Iléyá.

Inú gbogbo wa dùn. Nígbà tí Bọ̀dá gbé e kọjá ní oríta, àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé e. A sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ọ̀nà oko, abẹ́ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́. Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àmì kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bí Bọ̀dá bá yí sítíárì dé òpin, táyà á máa ha ike tó wà nínú ihò rẹ̀. Epo tó ń gbé wa lọ gbé wa bọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbé wa délé mọ́. Bí ọkọ̀ bá gbé ẹ̀gẹ́ kún, Bọ̀dá ní sítíárì fúyẹ́ lọ́wọ́ òun, bí ẹni pé iwájú ọkọ̀ fẹ́ fò. Òun fúnra rẹ̀ kà á sí ohun tó dára.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, a ń ti oko bọ̀, ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dé ẹnu. Èmi ni mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ̀dá. Mo ṣàkíyèsí pé mo ń rí ewé orí igi ọ̀pẹ kedere, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà níwájú wa ṣókùnkùn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo dákẹ́. Bí a ṣe yọ sí ọ̀nà ọ̀dà, ọlọ́kadà kan ń bọ̀ níwájú. Ó gbé ọwọ́ bo ojú. Ọ̀kadà rẹ̀ ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó yà bàrá, ó wọ inú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì.

A kò kàn án rárá. Ọmọ àdúgbò wa ni. Eegun èjìká rẹ̀ kán. Kí a tó gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, èrò ti péjọ, wọ́n sì ti dá ẹjọ́. “Àwọn ọlọ́kadà yìí! Eré àsápajúdé ni tiwọn!” Bọ̀dá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ń tún sọ lórí ẹ̀gẹ́ tí a gbé e lé: “Mi ò rí nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ló kún ojú mi.”

N kò sùn. Ọkọ̀ sun inú àgbàlá wa pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú téèpù, mo wọn ọ́n: iwájú, 34, ẹ̀yìn, 31. Ẹrù ti tẹ ẹ̀yìn wálẹ̀ pẹ̀lú ínǹṣì 3. Ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ fi ínǹṣì 2 relẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ nígbà tí wọ́n ṣe é, iwájú rẹ̀ ti wá fi ínǹṣì 3 ga ju ẹ̀yìn lọ. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ínǹṣì 5.

Mo mú ìwé náà lọ bá olùkọ́ físíìsì wa. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn fún mi ní ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé, wọ́n ní kí n ṣírò rẹ̀ sójú pátákó. Láti àárín táyà iwájú Hilux wa dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ mílímítà 3,085. Ínǹṣì 5 jẹ́ mílímítà 127. Nítorí náà, fún mítà kọ̀ọ̀kan tí iná bá rìn jáde, ó fi sẹ̀ǹtímítà 4 lé díẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ibi tó jìn tó mítà 30, iná náà á ti fi mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 23 ga sí i. Ojú ẹni tó jókòó lórí ọ̀kadà gan-an nìyẹn.

Olùkọ́ wa ní, “Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé ẹrù á tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi fi ẹ̀yìn sílẹ̀ ga nìyẹn. Ẹ̀yin wọn ọkọ̀ nígbà tí ebi ń pa á.”

A tún ṣírò táyà. Nọ́ńbà tó wà lára ti tẹ́lẹ̀ ni 225/70R15. Èyí túmọ̀ sí pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 225, gíga ara rọ́bà rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, irin àárín rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 15. Bí a bá kó o pọ̀, táyà náà ga tó mílímítà 696. Ti tuntun jẹ́ 255/70R15, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 738. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn péré ni ọkọ̀ fi ga sí i, mílímítà 21, tí kò tó ínǹṣì kan. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí aago ọkọ̀ bá sọ pé a ń sá eré 80, a ti ń sá 85 nítòótọ́. Ẹni tí a rò pé ó ń sáré kọ́ ló ń sáré. Bákan náà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú kọ́ọ̀dù DOT ara ọ̀kan nínú àwọn táyà náà jẹ́ 2414: ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ti ṣe é. Rọ́bà tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án la fi owó WAEC mi rà.

Bí mo ṣe ń lọ sílé, ẹsẹ̀ mi wúwo. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Gbogbo ìlú ti gbà pé ọlọ́kadà ló jẹ̀bi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ẹnu kó bá, ilé wa ló sì máa san owó. Mo rántí pé mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ọkọ̀ ní alẹ́ yẹn. N kò fẹ́ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ka ìwé náà fún Bàbá nínú yàrá wọn. Bọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wa ni?” Ohùn rẹ̀ kò le. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, “Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iwájú ọkọ̀ nìkan lẹ wò. Ẹ̀yìn la di ẹrù sí. Èmi tó jẹ́ àgbà, mo bi yín léèrè, mo sì gbà kí ẹ fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. A jọ jẹ̀bi ni.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa lọ sílé ọlọ́kadà náà. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò tó ti ń dá ẹjọ́. Èmi kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà wo Bọ̀dá títí, ó ní, “Èmi alára ti ń rò ó pé bóyá orun ló ń kùn mí.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ènìyàn má gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Bàbá san owó ilé ìwòsàn. Ọlọ́kadà náà ń san owó ọ̀kadà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bọ̀dá ń bá a san án fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí kò fi lè gun ún. A yọ irin orí ṣọ́ọ̀kì kúrò. A dá ọkọ̀ padà sí ìwọ̀n táyà tó bá a mu, a tún sípíríǹgì ẹ̀yìn tó ti rẹ̀ ṣe, a lọ ṣe aláímẹ́ǹtì, Bọ̀dá sì gbé ọkọ̀ síwájú ògiri nígbà tí ẹrù wà nínú rẹ̀, wọ́n tún iná rẹ̀ tò. Láti ìgbà náà, a dín ẹ̀gẹ́ tí a ń dì kù. Màámi ta ewúrẹ́ méjì kí n tó lè forúkọ sílẹ̀ fún WAEC.

Ó wá ku kòtò ọ̀nà oko. Ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Bọ̀dá bẹ àwọn àgbẹ̀ tó ń gba ọ̀nà náà, wọ́n jáde pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Hilux wa kó yangí àti òkúta lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọlọ́kadà náà wá, èjìká rẹ̀ kò tíì lè gbé ọkọ́, ṣùgbọ́n òun ló fi ọwọ́ kejì júwe ibi tí ó yẹ ká la ojú omi gbà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà náà bí ẹni tó ń fi táyà méjì gùn ún lójoojúmọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, kòtò ti dí.

Owó tí a ná sórí rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ àwọn tó ṣiṣẹ́ lọ. Mo ronú pé a lè ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ wa ló relẹ̀ jù. Ọ̀nà ló jìn jù.

Ìwé físíìsì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ ìlà kan kún un lábẹ́ gbogbo nọ́ńbà yẹn: kí a tó gbé ohunkóhun sókè, ká kọ́kọ́ wọn ọ́n pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.