Ìyẹ̀ Igi Tí Ojú Kò Rí

Ẹ má ṣe bínú pé n kò kọ nǹkan kan síbí láti ìgbà díẹ̀ wá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó gbà mí lọ́kàn, iṣẹ́ náà sì kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan tí mo rò pé ó yẹ kí n sọ fún yín.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi tí ó jẹ́ káfíńtà ní Ìbàdàn ni mo ti máa ń lo ìsinmi ilé-ìwé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí ìfági bá fá máa ń ká kòrókòró, a ó fi í dáná. Èyí tí ayùn bá rẹ́ ni ìyẹ̀ igi. Àwọn ìyá àdúgbò a máa wá fi àpò kó o lọ. Wọn a ki ìgò sí àárín agolo ńlá kan, wọn a da ìyẹ̀ yí i ká, wọn a tẹ̀ ẹ́ kí ó le, wọn a sì yọ ìgò náà kí iná lè rí ọ̀nà gbà. Ààrò wọn nìyẹn. Lójú wa nígbà náà, ohun ìlò ni ìyẹ̀ igi. Bí ọ̀gá wa bá ń wúkọ́, ọyẹ́ ni a máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ó tó ọdún méjì báyìí tí èmi náà ra ráútà, tí mo sì gbé e kọ́ sí abẹ́ tábìlì kan ní ẹ̀yìnkùlé. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, abẹ́ tábìlì ni ẹ̀rọ náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kékeré rẹ̀ yọrí sókè láti inú ihò, ó sì lè yí tó ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. A ó máa ti pákó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ náà kí ó lè gbẹ́ ọnà sí etí rẹ̀. Ìyẹ̀ tí ó ń tú jáde kò dà bí ti ayùn ọwọ́ rárá. Ó kúnná bí èlùbọ́, ó sì ń gbòde bí èéfín.

Pákó ìrókò ni mo ń gbẹ́ fún pẹpẹ ìwé kan. Imú mi ń yún mi, ojú ń ta mí. Mo wọ ìbòmú, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní òru ọjọ́ kẹta, àyà ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa, ẹni tí ó máa ń wá jókòó wo iṣẹ́ mi, bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí fèrè. Dókítà fún un ní oògùn, ó sì bi wá bóyá eruku wà nílé. Ìyàwó mi wò mí. Nígbà tí a délé, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin fi nǹkan bo imú yín. Ta ni ó bo ti ọmọ?" N kò ní èsì.

Mo lọ kàwé. Ìrókò wà lára àwọn igi tí a mọ̀ pé ìyẹ̀ wọn máa ń mú ara yún, tí ó sì lè fa ikọ́ fée. Ní ọdún 1995 ni àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka eruku igi mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, pàápàá ní ihò imú. Kì í sì í ṣe èyí tí a ń fi ìgbálẹ̀ gbá ni ó ń lọ jìnnà jù. Èyí tí ojú kò rí, tí kì í tètè balẹ̀, ni ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ìgbálẹ̀ gan-an ń jí i dìde ni.

Fáànù ni mo kọ́kọ́ gbé síbẹ̀. Ó lé eruku kúrò lójú mi, ó sì gbé e lọ sórí aṣọ tí aládùúgbò wa sá. Ìgbà náà ni ó yé mi pé lílé yàtọ̀ sí mímú. Mo wá ra ẹ̀rọ tí ń fa eruku, mo so páìpù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pákó tí a fi ń darí iṣẹ́ lórí tábìlì. Ó mú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gbẹ́ ojú ihò gbọọrọ sí àárín pákó, abẹ́ tábìlì ni ìyẹ̀ ń dà sí, asẹ́ inú ẹ̀rọ náà sì ń dí kí n tó gbẹ́ pákó mẹ́ta.

Mo kan àpótí pílíwúùdù yí ráútà ká lábẹ́ tábìlì, mo sì so páìpù kejì mọ́ ọn. Mo dí gbogbo àlàfo rẹ̀ pinpin, mo rò pé ọgbọ́n ni. Kò pẹ́ tí ráútà fi gbóná, tí ó ń rùn. Àṣìṣe mi hàn sí mi: afẹ́fẹ́ tí kò rí ibi wọlé kò lè gbé ìyẹ̀ jáde, ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ mí. Mo lu ihò sí ara àpótí náà ní òdìkejì ibi tí páìpù wà, kí afẹ́fẹ́ lè gba ara ráútà kọjá kí ó tó jáde.

Ó ku asẹ́ tí ń dí. Mo gbé garawa ọ̀dà ńlá kan sí àárín ọ̀nà, mo sì de ohun kan tí ó rí bí àrọ mọ́ ìdérí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú àrọ náà, ó ń yí po. Ìyẹ̀ tí ó wúwo ń gbá ara ògiri rẹ̀, ó ń já sínú garawa. Afẹ́fẹ́ tí ó kù ń gba àárín lọ sókè sínú ẹ̀rọ tí ń fà á. Mo sọ ọ́ ní Ààjà, nítorí n kò rí orúkọ mìíràn tí ó bá a mu tó bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, mo pa iná, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni ojú ìmọ́lẹ̀ náà máa ń rí bí ìgbà ọyẹ́. Nísinsìnyí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń fò. Díẹ̀ kì í ṣe òfo: mo ṣì ń wọ ìbòmú, àwọn ọmọ kì í sì í dé ibẹ̀ mọ́ bí iṣẹ́ bá ń lọ.

Ọ̀rọ̀ náà "ìyẹ̀" mú mi rántí ìyẹ̀rẹ̀ osùn, èyí tí babaláwo ń tẹ odù sí. Eruku igi ni òun náà. Kòkòrò ni ó jẹ igi ìrosùn tí ó fi di ìyẹ̀. Ẹ wo ọpọ́n Ifá dáadáa, ó ní etí yí ká. Ìyẹ̀ náà ní ibi tí ó ń gbé.

Ní àìpẹ́ yìí, àbúrò bàbá mi wá kí wa. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ṣì ń wúkọ́. Mo ṣí garawa náà fún wọn, ìyẹ̀ ìrókò ti kún un dé ìdajì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó títí.

"Iṣẹ́ ọjọ́ mélòó nìyí?"

"Ọjọ́ méjì ni, Bàbá."

Wọ́n mi orí. "Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi imú mi ṣe garawa." Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n wá kan irú rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù fún àwọn ọmọṣẹ́ wọn. Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni a fi àdéhùn sí.

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìyẹ̀ igi kò ṣeé wò láti òkèèrè ní tirẹ̀. Ibi tí ó ti ń jáde ni kí ẹ ti mú un.

Ó dìgbà o.