Òdòdó Ọgbà fún Orí Tábìlì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ìyá àti bàbá sọ lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ohun kékeré ni ó ń fi ìwà ilé hàn. Bí a bá wọ ilé púpọ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, òdòdó oníke ni a ó bá lórí tábìlì, tí eruku ọyẹ́ ti bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àti lórí pósí òkú pẹ̀lú. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, wọn a ní òdòdó tútù, ti olówó ni, ti òyìnbó ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ṣọkọ yòkòtò. Kò sí ìyá ilé kan láàárín wa tí kò mọ̀ ọ́n nínú ọbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ fún wa pé ó ń mú kí ara ọkọ dán. Ṣùgbọ́n nítorí pé ewé rẹ̀ ni a ń wá, a máa ń já a kí ó tó tanná. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, irúgbìn yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ òdòdó ń gbìn fún títà: èyí tí orí rẹ̀ dà bí ogbe àkùkọ, àti èyí tí ó ga ṣóńṣó bí ahọ́n iná, ní àwọ̀ pupa àti àwọ̀ wúrà. Ohun tí àwa ń jẹ ni àwọn ń fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ilé ìwádìí NIHORT, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, kò ya ẹ̀fọ́ àti òdòdó nípá. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí méjèèjì.

Èkejì tí a fẹ́ràn ni zinnia. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ó ti wá, a sì fi orúkọ onímọ̀ ará Jámánì kan pè é, Johann Gottfried Zinn, ẹni tí ó kú ní ọdún 1759. Ó fẹ́ràn oòrùn púpọ̀, oòrùn kò sì wọ́n wa. Ní ti tannápoṣó ẹ̀yìnkùlé wa, ó dára ní ojú, ṣùgbọ́n kò yẹ fún gígé, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni ó ń là, a sì máa padé ní òwúrọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ òdòdó nígbà Kérésìmesì kò gbọdọ̀ dúró títí òjò yóò fi lọ. Ní ìparí Oṣù Kẹjọ ni a ń gbin ṣọkọ. Ní àárín Oṣù Kẹsàn-án ni a ń gbin zinnia, nítorí yóò lò tó ọjọ́ 60 sí 70 kí ó tó tanná. Òjò ìkẹyìn yóò bá wa tọ́ wọn dàgbà. Èso ṣọkọ kéré púpọ̀, ó dúdú, ó sì ń dán. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ó má baà ṣù sí ojú kan. Ti zinnia tóbi jù ú lọ. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ níwọ̀n èékánná, níbi tí yóò dàgbà sí gan-an. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ebè nítorí àwọn adìẹ, ẹ sì sọ ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ẹ fà á tu títí àyè bí ẹsẹ̀ bàtà kan yóò fi wà láàárín wọn; ṣọkọ tí ẹ bá fà tu, ọbẹ̀ ni kí ẹ fi sè. Nígbà tí zinnia bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ gé orí rẹ̀ kí ó lè yọ ẹ̀ka púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó le jù. Nígbà tí a wà ní Ọ̀yọ́, kànga wà nítòsí ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ gbé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà jíjìn ni àwọn ọmọ ti ń ru omi wálé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá àgbà kan nínú agboolé rí wọn nídìí ebè ní Oṣù Kọkànlá, ó sì pè wá, ó ní, "Tíṣà, ṣé òdòdó ni ẹ ó fún àwọn ọmọ wọ̀nyí mu bí àmù bá gbẹ?" A ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń dà sí i." Ó mi orí, ó ní omi ẹ̀fọ́ náà tó fún ẹran í mu.

Nínú Oṣù Kejìlá àbúrò rẹ̀ obìnrin kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ó rán ọmọ kan sí wa pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó ní kí a gé èyí tí ó pupa fún òun, kí a má ṣe fi funfun kún un, nítorí àbúrò òun kò fẹ́ràn funfun. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi tò wọ́n sórí pósí. Nípa ti omi, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, àwa náà kò sì bẹ̀ ẹ́ kí ó yí i. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé ebè kan kékeré tó fún ilé kan. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà tètè lọ. Ìdí ni kí ẹ sì máa da omi sí, kì í ṣe orí ewé, kí funfun bí ìyẹ̀fun má baà bo ewé náà.

Kùtùkùtù òwúrọ̀ ni kí ẹ máa gé e. Ẹ di ọ̀pá zinnia mú nísàlẹ̀ òdòdó, kí ẹ mì í: bí ọrùn rẹ̀ bá tẹ̀, kò ì tíì tó gé, bí ó bá dúró gbọnin, ó tó. Ẹ já gbogbo ewé tí yóò wọ inú omi, kí omi má baà rà, ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Zinnia lè lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ṣọkọ, bí ẹ bá so ó kọ́ ní ìdoríkodò níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, yóò gbẹ, yóò sì pa àwọ̀ rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ má ṣe gé gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ fi èyí tí ó dára jù sílẹ̀ lórí igi títí yóò fi gbẹ, kí ẹ gbọn èso rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ kọ orúkọ àti oṣù sí i lára. Ẹ fún aládùúgbò yín nínú rẹ̀ kí Oṣù Kẹjọ tó tún dé.