Ìrìn Àjò Wa sí Iten: Ṣé Inú Ẹ̀jẹ̀ Ni Eré Sísá Wà?

Àwọn àgbà ní bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá. Òwe yìí ni olùkọ́ eré ìdárayá kan sọ di ọ̀kọ̀, tó fi gún ọmọbìnrin mi lọ́kàn. Ọmọ ọdún 15 ni Àjọkẹ́, eré mítà 5,000 ló sì yàn láàyò. Olùkọ́ náà ní eré ọ̀nà jíjìn kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá, pé àwọn ará Plateau ni wọ́n bí i mọ́, kí ọmọ náà wá nǹkan mìíràn ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó bi mí pé, "Màmá, ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?" N kò mọ èsì tí mo lè fọ̀.

Mo rí ìpolówó àyẹ̀wò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: kí òbí fi itọ́ ọmọ ránṣẹ́, wọn yóò sì sọ irú eré tí a dá ọmọ náà mọ́. Díẹ̀ ló kù kí n sanwó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Nairobi, ló dá mi dúró. Ó ní, "Má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Mú ọmọ náà wá, kí ẹ jọ wo ibi tí àwọn asáré ti ń wá." Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, a gbéra.

Àwa mẹ́ta wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Nairobi dé Eldoret, a sì wọ ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní matatu níbẹ̀. Títì náà gba àárín oko àgbàdo àti pápá màlúù kọjá, títí a fi dé abẹ́ ẹnu ọ̀nà ìlú, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ilé àwọn aṣẹ́gun ni Iten. Ìlú náà kò tóbi rárá, ṣùgbọ́n bèbè òkè ló wà, àfonífojì Kerio sì tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó fi nǹkan bí 2,400 mítà ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Àtẹ̀gùn ilé tí a wọ̀ sí lásán ni mo gùn, àyà mi ń lù kìkìkì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́fà, òtútù mú ju ti ọyẹ́ lọ. Àwọn asáré yọ lórí ilẹ̀ pupa, ogún níhìn-ín, ọgbọ̀n lọ́hùn-ún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Wọn kò sọ̀rọ̀. Ìró ẹsẹ̀ wọn nìkan ni à ń gbọ́. Àjọkẹ́ tẹ̀ lé àwọn obìnrin kan. Kí wọ́n tó sá kìlómítà méjì, wọ́n ti fi í sílẹ̀. Ó padà wá jókòó sórí òkúta, omijé lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, olùkọ́ yẹn ò parọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í. Ó ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́, pé ọ́síjìn tí èémí kọ̀ọ̀kan ń gbé wọlé níbẹ̀ kéré sí ti Ìbàdàn. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀, ara rẹ̀ yóò máa ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa púpọ̀ sí i láti gbé ọ́síjìn kiri. "Ọjọ́ kan péré ni ìwọ lò níbí, ibí ni wọ́n bí àwọn yẹn sí. Jos náà, orí òkè ló wà, ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà. Nínú ohun tí olùkọ́ rẹ pè ní ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀."

Mo bi í pé, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ̀jẹ̀ kò wá jẹ́ nǹkan kan ni?"

Ó ní ó jẹ́ nǹkan. Ó sọ ìtàn Eero Mäntyranta, ará Finland, tó ń fi pákó pẹlẹbẹ sáré lórí yìnyín, tó sì gba wúrà méjì níbi ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1964. Sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi fura pé ó ń ṣe màgòmágó. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé àbùdá tó jogún ló fà á. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló jogún àbùdá yẹn, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló gba wúrà. Ó tún sọ ti ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi tí àwọn ìdílé tí kì í ṣe eré ìdárayá ti wa kẹ̀kẹ́ àdúrólójúkan fún ọ̀sẹ̀ 20. Agbára èémí àwọn kan pọ̀ sí i gan-an. Ti àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ náà ni wọ́n ṣírò mọ́ àjogúnbá.

Àwọn Kalenjin ló pọ̀ jù ní agbègbè yìí. Ọ̀kan nínú wọn, Kipchoge Keino, ló gba wúrà mítà 1,500 ní Mexico City lọ́dún 1968. Olóògbé Kelvin Kiptum, ọmọ ìpínlẹ̀ Iten yìí gan-an, fi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 35 sá eré marathon ní Chicago lọ́dún 2023. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, èyí sì ń dín agbára tí wọ́n fi ń gbé e kù. Àwọn onímọ̀ ti wá àbùdá kan ṣoṣo tí a lè nawọ́ sí pé òun ló sọ wọ́n di aṣẹ́gun, wọn kò rí i. Ní ọdún 2015, àwọn ọ̀mọ̀ràn nínú ìmọ̀ náà panu pọ̀ pé kò yẹ kí a fi irú àyẹ̀wò tí mo fẹ́ sanwó rẹ̀ yan eré fún ọmọdé.

Ní ọ̀sán, a rìn dé iléèwé St. Patrick's. Níbẹ̀ ni Colm O'Connell, olùkọ́ tó wá láti Ireland lọ́dún 1976, ti tọ́ David Rudisha sọ́nà, ẹni tó sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 40.91 ní London lọ́dún 2012. Bàbá Rudisha pàápàá ti gba fàdákà ní Òlíńpíìkì ọdún 1968. Ó jogún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún rí ẹni tọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá tó gbà wá sílé ló yé mi jù. Bí ó ti ń ro ugali, òkèlè àgbàdo wọn, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ń sáré. Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin mẹ́rin ló bí. Gbogbo wọn mu wàrà màlúù kan náà, wọ́n sì jọ ń sá òkè kan náà lọ sí iléèwé. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń fi eré jẹun. Ọ̀kan jẹ́ tíṣà, ọ̀kan ń wa matatu, èyí àbíkẹ́yìn kórìíra eré sísá. Mo rántí pé ìka kò dọ́gba. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá lè sọ èyí tí yóò borí nínú ọmọ ìyá mẹ́rin, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ nínú odidi ẹ̀yà?

Ní òwúrọ̀ tó gbẹ̀yìn, mo jí, mo rí i pé ibùsùn Àjọkẹ́ ti ṣófo. Nígbà tó padà dé, eruku pupa bò ó dé itan. Wọ́n tún fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọjá ibi tó ti dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, n kò lè ṣèlérí fún yín pé ọmọ mi yóò gba wúrà. Owó àyẹ̀wò náà ni mo fi ra bàtà eré fún un. Kò tíì tún bi mí bóyá kí òun fi í sílẹ̀. Ohun tó ń bẹ̀ mí lálaalẹ́ báyìí ni pé kí n jí òun ní aago márùn-ún àbọ̀.