Ṣé O Ti Rẹ Aṣọ Náà Sómi?

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, bí bùbá bá kọ̀ tí kò wọlé sí èèyàn lọ́rùn mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọṣẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ bú. Tí kì í bá ṣe ọṣẹ, wọ́n á ní ẹni tó ni aṣọ ló sanra. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ gbèjà àwọn méjèèjì.

Òwú ni ànkárá tó dáa, òwú náà ni ọ̀pọ̀ àdìrẹ. Nígbà tí wọ́n bá ń hun ún, tí wọ́n sì ń tẹ àwòrán sí i lára nílé iṣẹ́, ńṣe ni wọ́n máa ń fa okùn rẹ̀ le dandan. Bó ṣe le yẹn náà ló ṣe máa dé ọjà. Ọjọ́ tí omi bá kọ́kọ́ wọ inú okùn òwú yẹn, á wú, á dẹ̀, á sì sún padà síbi tó ti wà kí wọ́n tó fà á. Aṣọ ti kúrú nìyẹn. Omi gbígbóná a tún máa jẹ́ kó yá. Ìgbà àkọ́kọ́ ló sì máa ń súnkì jù.

Ìdí nìyí tí ìyá mi kì í gbé ànkárá tuntun lọ sọ́dọ̀ télọ̀ àfi tó bá ti sùn mọ́jú nínú omi. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sá a síbi tí atẹ́gùn wà tí òòrùn ò ti pa á ní tààrà, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá.

Lọ́dún tó kọjá, àwa ọmọ ẹ̀ka wa dá owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Télọ̀ kan ló gba gbogbo rẹ̀, ó sì gé e bó ṣe ti ọjà dé. Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ tó san owó tirẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, gààrí ló sì ń mu kó tó lè san án tán. Ó ti ní i lọ́kàn pé aṣọ yẹn lòun máa wọ lọ wá iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ̀ ọ́. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, síkẹ́ẹ̀tì ti gun orókún, síìpù ò sì pa dé mọ́. Télọ̀ ní rírán niṣẹ́ òun, rírẹ kọ́. Èmi ò gbà fún un. Télọ̀ tí kò bá béèrè bóyá o ti rẹ aṣọ, ó yẹ kó kúkú fi àlékún sílẹ̀ nínú ojú rírán, kéèyàn lè rí nǹkan tú.

Èyí tí wọ́n bá ti rán láìrẹ, omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ rọra fà á gùn nígbà tó ṣì tutù. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ wà ní London àti Houston, ẹ má jù ú sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ẹ fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ irun àgùntàn tún le ju ti òwú lọ. Ó ní ohun tó dà bí ìpẹ́ ẹja lára, tí ojú lásán ò lè rí. Tí omi gbígbóná bá pàdé gbígbo, àwọn ìpẹ́ yẹn á há mọ́ra wọn, wọn ò sì ní tú mọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹnì kan ní yàrá wa fi suẹ́tà ránṣẹ́ sí i láti Manchester. Ó fi bọ́ílà se omi, ó gbo suẹ́tà bí ẹni ń gbo jíǹsì. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 8 ló ń wọ̀ ọ́ báyìí, ó sì bá a mu gan-an!

Aṣọ òkè ní tirẹ̀, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kó rí omi. Bí aṣọ inú rẹ̀ bá súnkì tí òde ò súnkì, á kan máa wú wúruwùru ni.

Àwọn ọmọ ọdún kẹta ti ń dá owó aṣọ tiwọn báyìí. Mo ti sọ fún olórí kíláàsì wọn pé kó kó àwọn yáàdì náà wá sí yàrá wa kó tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Garawa mẹ́fà la ní, omi sì máa ń yọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.