Ọmọ Àjàṣẹ́ àti Ìmọ̀ Àròjinlẹ̀ Jámánì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tokpota a máa bi wá léèrè pé kí ni ọmọ Àjàṣẹ́ fẹ́ fi ìmọ̀ àròjinlẹ̀ àwọn ará Jámánì ṣe. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí èdè wọn jìnnà sí tiwa, ìwé wọn sì le. Ìgbésí ayé Paulin Hountondji ni a fi ń dá wọn lóhùn.

Ní ọdún 1960, ó gba bakaloréà ní Lycée Victor Ballot, èyí tí a mọ̀ sí Lycée Béhanzin lónìí, nínú ìlú wa yìí. Ó lọ sí École normale supérieure ní Paris, ó sì kọ iṣẹ́ oyè dókítà rẹ̀ lórí Edmund Husserl ní 1970. Husserl ń kọ́ni pé òtítọ́ kì í di òtítọ́ nítorí pé ẹnì kan tàbí ìran kan gbà á gbọ́. Ẹ̀rí ni a fi ń gbé e ró.

Hountondji mú ẹ̀kọ́ náà bọ̀ wálé. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1976, Sur la « philosophie africaine », ó ní àkójọ òwe àti àṣà tí a pè ní èrò gbogbo Adúláwọ̀ kò tíì di ìmọ̀ àròjinlẹ̀. Ẹni tí ó ronú ni kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kí ẹlòmíràn lè bá a jiyàn.

Ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Wọ́n ní ojú Òyìnbó ni ó fi ń wo àwọn baba wa. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òun kan náà ni ó darí àkójọ Les savoirs endogènes ní 1994, níbi tí a ti yẹ ìmọ̀ ìbílẹ̀ wò fínnífínní. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé àwọn òǹkàwé òkèèrè ni àwọn onímọ̀ wa ń kọ̀wé fún, tí a kì í sì í bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ó papòdà ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2024. Èdè Faransé ni ó fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ti Yorùbá kù sí wa lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka Kant, tàbí tí ó jókòó ti babaláwo, ẹ kọ èrò yín sí ojú ewé wọ̀nyí, ẹ fọwọ́ sí i. Àwa yóò kà á, a ó sì jiyàn.